Òkúta Méje Inú Amọ̀

Àwẹ̀ró ṣẹ̀ṣẹ̀ gbé orin sókè ni, ẹsẹ̀ rẹ̀ méjèèjì sì ti rì sínú amọ̀ dé ọrùn ẹsẹ̀, nígbà tí Ẹ̀rọ Amọlé dákẹ́ lójijì. Kò dákẹ́ bí ẹ̀rọ tí iná rẹ̀ kú. Ó dákẹ́ bí ọmọ tí wọ́n ń fún ní ẹ̀kọ tí kò fẹ́, tó pa ètè méjèèjì dé. Ọ̀pá ẹnu rẹ̀ gígùn, tó ti ń to amọ̀ lé amọ̀ láti òwúrọ̀ lára ògiri Ilé Ìgbẹ̀bí, ká sókè, amọ̀ sì ń kán tó, tó, tó láti ẹnu rẹ̀.

Àwọn obìnrin mọ́kànlá tó tò tẹ̀ lé Àwẹ̀ró nínú kòtò náà dúró pẹ̀lú ẹsẹ̀ kan lókè.

"Ta ni?" Sàlámì tó ń wa ẹ̀rọ náà yọ orí láti inú àhámọ́ rẹ̀ lókè. "Òrùka ta ló yí padà? Ẹ gbé ẹsẹ̀ sókè kí n rí i o, ẹ̀yin ìyàwó mi!"

"Ìyàwó ta ni?" ni ọ̀kan fèsì láti ẹ̀yìn. "Lọ wá ẹni tí yóò fẹ́ ọ pẹ̀lú irùngbọ̀n ewúrẹ́ yẹn!"

Wọ́n rẹ́rìn-ín, wọ́n sì ń gbé ẹsẹ̀ sókè lọ́kọ̀ọ̀kan. Òrùka dígí kan, tó ń gba ìròyìn ẹ̀jẹ̀ ẹni, wà lọ́rùn ẹsẹ̀ olúkúlùkù, gbogbo rẹ̀ dúdú bí aró tí a rẹ lẹ́ẹ̀mejì. Ẹyọ kan péré ló ti pọ́n bí ọsàn. Ẹsẹ̀ Àwẹ̀ró, olórí wọn, ni ìyẹn wà.

Ẹ̀rín náà kú.

"Ó lè jẹ́ amọ̀ ló yí i," ni Tinúadé yára sọ. Ọmọ àbúrò Àwẹ̀ró ni. Àbúrò náà ti kú tipẹ́, ọwọ́ Àwẹ̀ró ni ọmọ náà dàgbà sí, ẹ̀yìn Àwẹ̀ró gan-an ló sì máa ń tò sí nínú kòtò.

"Amọ̀ kì í yí òrùka," ni Àwẹ̀ró wí. Ó jáde, ó rọra fi ọwọ́ họ amọ̀ kúrò lára òrùka náà bí ẹni tó ń nu ojú ọmọ. Ó pọ́n síbẹ̀síbẹ̀.

Kò sí ẹni tó ní láti sọ èyí tó kù. Ẹ̀rọ kì í jẹ amọ̀ tí ẹlẹ́sẹ̀ ọsàn bá tẹ̀. Láti ọdún tí wọ́n ti fòfin de sìmẹ́ǹtì nítorí èéfín rẹ̀ ni gbogbo ilé ti padà di ilé amọ̀. Ẹ̀rọ náà sì gbọ́n lóòótọ́: ó ń rí irin, ó ń rí ike, ó ń gbóòórùn epo. Àmọ́ òkúta wẹ́wẹ́ àti èérún dígí jọ amọ̀ lójú rẹ̀. Ẹsẹ̀ ènìyàn nìkan ló ń rí wọn. Lọ́dún tó kọjá, òkúta kan tí kò ju hóró ọkà bàbà lọ há sí ẹnu ẹ̀rọ ní Ọ̀tún-Odò. Ògiri tó mọ lọ́jọ́ náà ṣófo nínú, ẹnì kankan kò sì mọ̀. Òjò àkọ́kọ́ ló wó o lu tọkọtaya kan.

"Kòtò mẹ́ta tí a tẹ̀ láàárọ̀ yìí ti di asán," ni Sàlámì kùn. "Òjò sì ń bọ̀."

"Dákẹ́, Sàlámì."

"Mo ti dákẹ́, Olórí."

Oòrùn kò tíì kàn wọ́n látàrí nígbà tí Látúnjí dé lórí kẹ̀kẹ́ oòrùn rẹ̀. Òun ni akàwé ẹ̀jẹ̀ fún ìletò mẹ́fà tó wà lẹ́bàá odò náà, ọ̀dọ́mọkùnrin ìgboro tí bàtà rẹ̀ kì í dọ̀tí. Ó dọ̀bálẹ̀ ní ìdajì nítorí àpótí tó wà lábẹ́ apá rẹ̀.

"Ẹ kú iṣẹ́ o, Ìyá."

"Iṣẹ́ wo? Ìwọ kọ́ lo dá a dúró?"

"Èmi kọ́, mà. Ẹ̀jẹ̀ tí mo gbà lára yín lọ́jọ́ Ajé ni." Ó jókòó lórí ìtì igi kan, ó rẹ ohùn sílẹ̀, ṣùgbọ́n àwọn obìnrin ti na etí. "Ẹlẹ́rìí mẹ́ta ni a máa ń wá nínú ẹ̀jẹ̀ ẹni tó bá ní àtọ̀gbẹ. Méjì ti yọjú nínú tiyín."

"Ọdún mẹ́sàn-án rèé tí mo ti ní àtọ̀gbẹ. Mo ń lo oògùn mi, mi ò fi ẹnu kan oyin. Ìwọ fúnra rẹ lo sọ lóṣù tó kọjá pé ṣúgà mi wà níbi tó yẹ kó wà."

"Ó wà níbẹ̀ lóòótọ́. Ọ̀rọ̀ ṣúgà kọ́ ni mo wá sọ. Okùn ìmọ̀lára tó ti ẹ̀yìn yín sọ̀ kalẹ̀ dé ọmọ ìka ẹsẹ̀ ni mo ń sọ. Ẹ mọ bí okùn kànga ṣe máa ń rún kó tó já? Èérún okùn ìmọ̀lára máa ń bọ́ sínú ẹ̀jẹ̀. Òun ni ẹlẹ́rìí. A máa ń rí i nígbà tí ẹsẹ̀ fúnra rẹ̀ kò tíì mọ̀ pé nǹkan ń ṣe òun."

"Ẹsẹ̀ tèmi ni kò mọ̀?" Àwẹ̀ró na ẹsẹ̀ ọ̀tún sí i tamọ̀tamọ̀. "Wá ìyẹ́ adìyẹ kan wá, fà á kọjá níbẹ̀. Bí mi ò bá sọ ibi tó gbà kọjá, kí o mú òrùka yìí lọ sílé fún ìyàwó rẹ."

"Ìyá, kékeré la ti ń pẹ̀ka ìrókò..."

"Ìwọ tí o ò fi àdá kan igi rí! Ìrókò wo lo mọ̀?"

Àwọn obìnrin bú sẹ́rìn-ín. Látúnjí náà rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ó ṣí àpótí rẹ̀, ó sì kó nǹkan méjì kalẹ̀ lórí ìtì igi: ìbọ̀sẹ̀ funfun méjì tó nípọn, tí okùn tín-tìn-tín bíi irun gba inú wọn kọjá, àti abọ́ òfìfo kan.

Àwẹ̀ró mọ àwọn méjèèjì. Gbogbo atẹmọ̀ ló mọ̀ wọ́n, bí gbogbo ènìyàn ṣe mọ ọ̀nà ibojì láì tíì lò ó.

"Ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́ bí òfin ṣe ní kí n sọ ọ́," ni Látúnjí wí. "Bí ẹ bá mú ìbọ̀sẹ̀, abẹ́rẹ́ bẹ̀rẹ̀ lónìí. Oògùn náà á mú okùn yẹn hù padà, nítorí pé a tètè rí i. Ṣùgbọ́n gbígbẹ àti ooru ló ń fẹ́. Oṣù méjìdínlógún, ẹsẹ̀ yín kò gbọdọ̀ kan amọ̀. Bí ẹ bá mú abọ́, ẹ fẹ́ kí ẹsẹ̀ yín wá jẹ́jọ́ nìyẹn. Òkúta méje nínú kòtò kan, tí kò gbọdọ̀ ju hóró ọkà bàbà lọ. Bí ẹ bá rí méjèèje, òrùka á padà sí aró, ẹ ó sì máa tẹ amọ̀ lọ fún ọdún kan. Àmọ́ ẹ ti kọ oògùn sílẹ̀. Bí ẹlẹ́rìí kẹta bá sì yọjú láàárín ọdún yẹn, oògùn náà kò ní ràn yín mọ́."

Àwẹ̀ró wo ìbọ̀sẹ̀ náà. Wọ́n mọ́ jù. Ọdún mọ́kànlélógójì ló ti fi tẹ amọ̀. Ó mọ amọ̀ òwúrọ̀, tó máa ń tutù bí ìdí àmù, ó mọ amọ̀ ọ̀sán tó máa ń lẹ̀ mọ́ ni bí ọmọ tó ń sunkún. Ó mọ èyí tí wọ́n gbẹ́ létí odò àti èyí tí wọ́n gbẹ́ lábẹ́ igi, láì la ojú. Bí wọ́n bá ní kó sọ ọ̀nà ilé tí wọ́n ti bí i, ẹsẹ̀ ni ì bá fi júwe rẹ̀. Oṣù méjìdínlógún lórí àga, bí ẹrù tí wọ́n gbé kalẹ̀ tí ẹnì kankan kò tún padà wá gbé!

Ó fi ọmọ ìka ẹsẹ̀ gbé abọ́ náà, ó sì sọ ọ́ sí Látúnjí lẹ́sẹ̀.

"Sin òkúta rẹ."

Àṣà àtijọ́ ni pé ará ilé ẹni ló ń sin òkúta, kí ẹnikẹ́ni má baà sọ pé ọ̀tá ló sin ín. Àwọn aṣòfin ti gba àṣà náà bó ṣe wà, wọ́n kọ ọ́ sínú ìwé. Nítorí náà Tinúadé ló lọ síbi òkìtì iyanrìn lọ ṣa òkúta wá sin sínú kòtò, Sàlámì bá a lọ láti jẹ́rìí, Àwẹ̀ró sì kọ ẹ̀yìn sí wọn títí wọ́n fi ní ó tó.

Ó wọ inú kòtò pẹ̀lú ojú pípadé àti ọwọ́ lẹ́yìn. Ó gbé gìgísẹ̀ kalẹ̀, ó jẹ́ kí àtẹ́lẹsẹ̀ tẹ̀ lé e, ó wá na ọmọ ìka bí ìgbín ṣe ń na ìwo. Kò tíì rin ìṣísẹ̀ mẹ́rin tó fi rí àkọ́kọ́. Ó fi ìka há a, ó gbé e jáde, ó sọ ọ́ sínú abọ́. Ko! Lẹ́yìn náà, ìkejì. Ìkẹta àti ìkẹrin wà nítòsí ara wọn. Nígbà tí ìkeje dún nínú abọ́, àwọn obìnrin hó yèè, Sàlámì, tó ti padà sórí ẹ̀rọ, fọn fèrè rẹ̀ títí àwọn ẹyẹ fi kúrò lórí ògiri.

"Ẹ wo ìyá! Ẹ wo ẹlẹ́sẹ̀ bí ojú!"

"Látúnjí, lọ sọ fún ẹ̀jẹ̀ rẹ kó lọ tún àlá lá!"

Látúnjí náà ń yọ̀. Ó fa wàláà rẹ̀ yọ. "Ẹ tẹ àtàǹpàkò síbí, Ìyá. Ẹ ti borí."

Àwẹ̀ró na ọwọ́, ṣùgbọ́n abọ́ ni ọwọ́ rẹ̀ mú. Ó da omi sí i, ó ṣan àwọn òkúta náà, ó dà wọ́n sí àtẹ́lẹwọ́. Ó wò wọ́n títí. Èyí tó kéré jù nínú wọn tó hóró ẹ̀wà.

Ó wo Tinúadé. Tinúadé ń wo ilẹ̀.

"Wọ́n mà kéré o, àbí?" ni Látúnjí wí, ẹni tí kò rí ọkà bàbà rí àyàfi nínú àwòrán. "Ẹ tún rí gbogbo wọn."

Kò sí ẹni tí yóò sọ̀rọ̀. Àwẹ̀ró mọ èyí dájú. Bó bá tẹ àtàǹpàkò, òrùka á dúdú, ẹ̀rọ á la ẹnu, yóò sì gbé orin láti ibi tó ti já. Ó pa ọwọ́ dé mọ́ àwọn òkúta náà.

"Fún mi láyè díẹ̀," ó sọ fún Látúnjí. "Tinúadé, wá bu omi fún mi."

Ẹ̀yìn ẹsẹ̀ ẹ̀rọ, níbi tí àmù wà, ni ó ti kọjú sí i.

"Ta ló ṣa èyí?"

"Èmi ni, mà."

"Sàlámì ńkọ́? Kí ló ń jẹ́rìí sí?"

"Òun ní kí n wá èyí tó tún tóbi jù bẹ́ẹ̀ lọ."

Díẹ̀ ló kù kí Àwẹ̀ró rẹ́rìn-ín. Kò rín in. "Ṣé ẹ̀wà ló wó ògiri Ọ̀tún-Odò?"

"Rárá, mà. Ọkà bàbà ni."

"Kí ló wá dé?"

Tinúadé fi ọwọ́ méjèèjì di ife omi mú. "Màámi, ẹ̀yin lẹ tọ́ mi. Ṣé èmi ni kí n wá fi ìtìjú kàn yín lójú gbogbo ayé, lójú ọmọ ìgboro yìí? Ta ló ń fi ìyá rẹ̀ dán nǹkan wò? Ọwọ́ mi dé orí èyí tó kéré, ó kọ̀ láti mú un." Ó gbé ojú sókè wo Àwẹ̀ró. "Ẹ̀rù sì ń bà mí. Bí ẹ bá kúrò níwájú, èmi ló kàn. Ẹ̀yìn yín ni mo mọ̀. Mi ò mọ ohun tó wà níwájú yín."

Àwẹ̀ró kò bá a wí. Ì bá rọrùn ká ní ìkà ni. Ìfẹ́ ni, ó sì wúwo lọ́wọ́ rẹ̀ ju òkúta méjèèje lọ.

"Mi ò sọ ti ẹsẹ̀ ìyá mi fún ọ rí," ó wí nígbẹ̀yìn. "Ìkòkò ló ń mọ. Ó tẹ ìṣó mọ́lẹ̀ láàárọ̀ ọjọ́ kan, ìgbà tó ń wẹ̀ nírọ̀lẹ́ ni wọ́n tó rí i lẹ́sẹ̀ rẹ̀. Wọ́n gé e dé orúnkún. Ṣùgbọ́n gbogbo ilé wa ti rí i láti oṣù mẹ́fà ṣáájú pé ó ń gbé ẹsẹ̀ bí ẹni tó wọ bàtà. Wọn ò sọ ọ́. Wọ́n ní ta ni yóò sọ ọ́ lójú àgbà pé ẹsẹ̀ rẹ̀ kò dá mọ́? Tinúadé, ọ̀wọ̀ ni wọ́n fi gé e."

Ó gba ife omi náà, ó mu ún tán, ó sì gba ibi òkìtì iyanrìn lọ. Ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ fúnra rẹ̀, ó ń ṣa á lọ́kọ̀ọ̀kan, ó ń fi èékánná wọ̀n ọ́n. Nígbà tó dìde, méje wà lọ́wọ́ rẹ̀ tí ènìyàn lè fi èémí fẹ́ lọ. Ó dà wọ́n sọ́wọ́ Tinúadé níṣojú gbogbo wọn.

"Látúnjí, wá wò ó. Ọkà bàbà nìyí. Èyí tí mo kọ́kọ́ rí, ẹ̀wà ni, ẹnikẹ́ni tó bá ní ẹsẹ̀ lè rí i. A ó tún un ṣe."

"Ṣùgbọ́n ẹ ti borí, mà!"

"Mi ò tíì borí nǹkan kan."

"Olórí, ẹ fi í sílẹ̀ báyìí!" ni Sàlámì ké láti òkè. "Ta ló bi yín?"

"Ilé Ìgbẹ̀bí ló bi mí. Kọ ẹ̀yìn sí wa, kí o má tún jẹ́rìí fún mi."

Tinúadé fọ́n wọ́n sínú kòtò, ó po amọ̀ náà títí òun gan-an kò fi mọ ibi tí wọ́n wà, Àwẹ̀ró sì tún pa ojú dé wọlé. Ó rí ọ̀kan. Ó rí ìkejì létí kòtò, ìkẹta sì bọ́ lọ́wọ́ ìka rẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì kó tó gbé e. Ìkẹrin. Ó rin gbogbo kòtò náà já, ó padà, ó gbé ẹsẹ̀ sún mọ́ ara wọn bí ẹni tó ń wọn aṣọ, ó rí ìkarùn-ún. Ó tún rin ín. Amọ̀ náà dán, ó tutù, ó dàbí amọ̀ tó mọ́ tónítóní. Gbogbo ohun tí ẹsẹ̀ rẹ̀ ń sọ fún un ni pé kò sí nǹkan kan níbẹ̀ mọ́.

Ó la ojú. "Márùn-ún ni mo rí. Tinúadé, bọ́ sínú kòtò. Tẹ ojú ẹsẹ̀ mi."

"Màámi..."

"Ojú ẹsẹ̀ mi gan-an. Má yà."

Tinúadé wọlé. Ó ń fi ẹsẹ̀ sínú ojú ẹsẹ̀ ìyá rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan. Nígbà tó dé àárín, ó dúró, ó bẹ̀rẹ̀, ó yọ ọ̀kan. Kò wo ẹnikẹ́ni. Ó tún rin ìṣísẹ̀ mẹ́fà, ó sì dúró pátápátá. Nínú ojú gìgísẹ̀ Àwẹ̀ró, níbi tó ti fi gbogbo ìwúwo ara rẹ̀ dúró láti ronú, ni ìkeje wà. Ó ti rì díẹ̀, bí irúgbìn tí ẹnì kan gbìn.

Látúnjí la ẹnu láti sọ ọ́. Àwẹ̀ró bá a sọ ọ́.

"Ẹ̀jẹ̀ mi kò purọ́. Méjì ló bọ́ mọ́ mi lẹ́sẹ̀." Ó gbé ẹsẹ̀ ọ̀tún sókè, ó wo gìgísẹ̀ náà bí ẹni tó ń wo ọ̀rẹ́ tó fi ọ̀rọ̀ pamọ́ fún un. Kò pẹ́ níbẹ̀. Ó rìn lọ síbi omi, ó fọ ẹsẹ̀ méjèèjì, ó nu àárín ìka wọn dáadáa. "Ibo ni kí n jókòó sí? Mi ò ní í jókòó sórí ìtì igi fún oṣù méjìdínlógún."

Sàlámì tún sọ̀ kalẹ̀ láti orí ẹ̀rọ. Ìjókòó tirẹ̀ ló tú, tó gbé wá. "Ìjókòó ọba nìyí o. Ẹ má fi ìdí bà á jẹ́ fún mi."

"Ìdí tèmi ló máa tún un ṣe."

Ó jókòó. Látúnjí kúnlẹ̀, ó fi ìbọ̀sẹ̀ funfun náà wọ̀ ọ́, ooru sì bẹ̀rẹ̀ sí í gun ẹsẹ̀ rẹ̀ díẹ̀díẹ̀.

"Oṣù méjìdínlógún, mà," ó tún rán an létí.

"Mo gbọ́ nígbà àkọ́kọ́. Mi ò ní í fi ọjọ́ kan lé e. Ìwọ náà gbọ́ tèmi. Ẹni mẹ́ta ló ní àtọ̀gbẹ nínú àwọn tó kù yìí. Oṣù mẹ́ta-mẹ́ta lo máa ń wá ẹlẹ́rìí nínú ẹ̀jẹ̀ wọn. Oṣooṣù ni kí o máa wò ó báyìí."

"Mo máa béèrè lọ́wọ́ àwọn ọ̀gá mi."

"Má béèrè. Sọ fún wọn. Sì kọ ọ́ sínú wàláà rẹ pé ará ilé kò gbọdọ̀ sin òkúta fún ará ilé mọ́."

"Ta ni kó wá máa sin ín?"

"Ẹni tí kò fẹ́ràn wa."

"Ìyàwó mi àtijọ́ ń bẹ ńlẹ̀," ni Sàlámì wí. Àwọn obìnrin rẹ́rìn-ín fún ìgbà àkọ́kọ́ láti ọ̀sán, Látúnjí sì ń kọ ọ́ sílẹ̀, kì í ṣe ti ìyàwó.

Wọ́n wọ inú kòtò. Tinúadé ló wà níwájú, kò sí ẹ̀yìn ẹnikẹ́ni tó lè wò. Àwọn mẹ́wàá tò tẹ̀ lé e, wọ́n gbé ẹsẹ̀ kan sókè, wọ́n ń dúró de orin. Tinúadé bojú wẹ̀yìn wo orí ìjókòó.

Orin náà ti dé ọ̀fun Àwẹ̀ró. Ó ń ta á bí ẹ̀gún ẹja. Ó fi eyín di ètè ìsàlẹ̀ mú, ó sì yí ojú sí ògiri Ilé Ìgbẹ̀bí, bí ẹni tí iṣẹ́ kan kò kàn mọ́.

Ìkùukùu kan kọjá lórí wọn.

Lẹ́yìn náà ohùn kan jáde láti iwájú, ó gbọ̀n, ó rẹlẹ̀ ju ohùn Àwẹ̀ró lọ, ó sì lọ́ra díẹ̀. Ẹsẹ̀ kan bọ́ sínú amọ̀. Àwọn mẹ́wàá gbè é.

Àwẹ̀ró ká apá bùbá rẹ̀ sókè, ó sì na apá sí abẹ́rẹ́ Látúnjí.

"Gún un," ó wí.